Bàbá Má-Pa-Á àti Kọ̀ǹpútà Yàrá Ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1958, ni a bí Bàbá, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aago kan ní òpópónà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aago ni wọ́n ń tún ṣe, iṣẹ́ kan náà sì ni bàbá tiwọn ṣe títí ojú fi di bàìbàì. Ìyá wọn jẹ́ aránṣọ tí kì í ju bọ́tìnì tó já nù. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Bàbá ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni ọkùnrin. Nínú ilé yẹn, nǹkan kì í bàjẹ́ tán. Wọ́n á kàn ní kò tíì rí ẹni tún un ṣe ni. Ìwà yìí kò fi Bàbá sílẹ̀ títí wọ́n fi dágbére fáyé.

Kí ìtàn tó jìnnà, ẹbí ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún wọn: ẹ má kàn fi ìwé yìí fẹ́ra kí ẹ sì fi í sílẹ̀ sórí ìjókòó. Ẹ kà á. Iṣẹ́ kan wà tí Bàbá kò parí, ẹ̀mí ẹnì kan sì so mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí yóò bá wa parí rẹ̀ wà láàrin yín lónìí.

Ní ọdún 1964, wọ́n fi Bàbá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin méjèèjì, tí wọ́n wà láyé láti jẹ́rìí, sọ pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti kọṣẹ́ nílé, ẹ kò ní wá wọn jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí wọ́n tú rédíò ọ̀gá ilé ìwé palẹ̀, tí wọ́n tún un tò, tí sukúrù méjì sì ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́. Rédíò náà ń sọ̀rọ̀ ketekete. Síbẹ̀, bàbá wọn nà wọ́n nítorí sukúrù méjèèjì, wọ́n ní ẹni tó bá tú nǹkan gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí gbogbo ohun tó tú ti wá. Wọ́n wọ ilé ìwé girama ní 1971, wọ́n jáde ní 1975, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti 1976 sí 1979. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kọ̀ǹpútà. Ó gba odidi gbọ̀ngàn kan, wọ́n sì ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Bàbá máa ń sọ pé àwọn kò bọ́ bàtà fún ọba rí, ẹ̀rọ ni àwọn kọ́kọ́ bọ́ ọ fún.

Láti 1979 sí 1987, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ iye ènìyàn. Ní ọdún kẹta, ọ́fíìsì náà ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ̀rọ tuntun yìí kò lè ka káàdì oníhò tí wọ́n ti ń lò látẹ̀yìn, ni àwọn ọ̀gá bá ní kí wọ́n kó gbogbo káàdì náà síta kí wọ́n dáná sun ún. Orúkọ gbogbo ará ogójì abúlé ló wà lórí wọn. Bàbá dúró nínú ọgbà, wọ́n wò ó títí ó fi jóná tán. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè kà á lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún Bàbá pé òun ti gbọ́ ọ rí.

Ní ọdún 1987, ilé ìwòsàn ńlá ìlú gbà wọ́n sí yàrá ẹ̀jẹ̀, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: kí wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa rántí àwọn aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kì í tètè bá lára mu. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, dandan ni kí a kọ́kọ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ kan tí kò ní jẹ́ kí ara wọn wú. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan náà ló lè pa wọ́n. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì ti pààyàn nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́.

Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi kọ ètò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1988. Tí ẹ bá tẹ orúkọ aláìsàn, lẹ́tà aláwọ̀ ewé yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà: orúkọ rẹ̀, ọdún tí a bí i, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti ìlà ìkìlọ̀ kan tí kò lè ju lẹ́tà ogún lọ. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa yóò ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ṣùgbọ́n Bàbá kò rí i nígbà náà. Ó dùn wọ́n títí ọjọ́ ikú.

Kọ̀ǹpútà náà kì í sùn. Àwo irin kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo orúkọ wà lórí rẹ̀. Àwo yìí ti ń yí láìdúró fún ọdún márùn-ún, Bàbá sì mọ̀ pé tó bá fi lè dúró, ó lè má yí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí ìpàdé kan ní oṣù kẹfà ọdún 1993, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó so mọ́ kọ̀ǹpútà náà tẹ ìwé pélébé kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni MA PA A.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kan, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀ka ìfọṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tó bá rí lára ògiri, kó ṣe é bó ṣe wà. Ó rí MA TI ILEKUN, ó ti ilẹ̀kùn. Ó rí MA PA INA lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kọ́rídọ̀, ó pa iná. Ó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó rí MA PA A. Bó ṣe ka àwọn tó ṣáájú náà ló ka èyí: Máa pa á. Ó sì pa á. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ni.

Nígbà tí Bàbá padà dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ni pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni, sà. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni mo ṣe."

Bàbá ṣì ń lọ sídìí ẹ̀rọ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé láti yàrá ìgbẹ̀bí. Obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó ti gba ẹ̀jẹ̀ rí ní ilé ìwòsàn náà lọ́dún 1989, orúkọ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, dókítà sì fẹ́ mọ ìkìlọ̀ rẹ̀ kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀ kankan. Fáìlì orí ìwé kò sí. Òjò ti jò wọ yàrá fáìlì lọ́dún méjì ṣáájú, gbogbo ìwé ìgbà yẹn sì ti jẹrà mọ́ra wọn.

Bàbá tan ẹ̀rọ. Ó tàn, ṣùgbọ́n kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Bátìrì kékeré tó ń bá a rántí irú àwo tó wà nínú rẹ̀ ti kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò kú rí. Bàbá tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó ń béèrè láti orí wọn: 615, 4, 17. Ẹ̀rọ gbà á, ó wá àwo irin kàn, àwo irin kò mira. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, kò mira. Wọ́n tú ìdérí rẹ̀, wọ́n yọ àpótí àwo náà jáde pẹ̀lú wáyà rẹ̀, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n sì yí ọrùn ọwọ́ lójijì bí bàbá wọn ṣe máa ń ṣe sí aago tó bá ti dì. Kò mira. Dókítà fúnra rẹ̀ ti dé sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kejì. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó náà dúró sára ògiri, kò lè sá, kò lè sún mọ́ wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwo náà hó díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá. Bàbá tẹ orúkọ obìnrin náà, ìlà aláwọ̀ ewé sì jáde: KO GBA ABERE AKOKO.

Dókítà kà á, ó yíjú sí wọn.

"Ọ̀gá ẹ̀rọ, ṣé kó gba abẹ́rẹ́ ni, àbí kò gba abẹ́rẹ́?"

Bàbá tún ìlà náà kà. Akọ̀wé méjì ló ti ń tẹ ìkìlọ̀ sínú ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan a máa kọ KO tó bá fẹ́ kí aláìsàn gba abẹ́rẹ́. Èkejì a máa kọ KO tí ara aláìsàn kò bá gbà á. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó fi hàn èyí tó kọ ti obìnrin yìí nínú wọn. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun níṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ rántí pé ènìyàn ni aláìsàn, ó sì ní ẹbí.

"Ìyá rẹ̀ wà ní kọ́rídọ̀," ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n."

Kò dúró gba àṣẹ. Ìyá aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ tuntun náà dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ọmọ yín níjọ́sí kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, kí ló ṣe fún wọn?"

"Èyí tó dí i lọ́fun yẹn? Ẹ má tún fún un o. Díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọn kò gún un. Wọ́n rọra fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, dókítà sì jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ó yè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ jókòó láti mọ ẹni tí ẹ̀bi jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá ìmọ́tótó fẹ́ kí wọ́n lé obìnrin náà. Bàbá kọ lẹ́tà kan tí kò ju ìlà méjì lọ: àwọn ni wọ́n kọ ìwé náà láìfi àmì sí i, obìnrin náà sì ka ohun tí wọ́n kọ. Bàbá ni wọ́n gba ìwé ìkìlọ̀, obìnrin náà kò gba nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ra ọ̀dà pupa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: MÁ PA Á. Àwọn dókítà fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí yàrá iṣẹ́ abẹ náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Bàbá ní Má-Pa-Á, orúkọ tí a sọ wọ́n sì di ohun inú fáìlì.

Ohun tó ń jẹ Bàbá lọ́kàn ju ìwé ìkìlọ̀ lọ. Wọ́n yẹ gbogbo ètò náà wò, wọ́n sì rí KO GBA lórí orúkọ ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń rìn káàkiri ìlú, tí ẹ̀rọ wọn kò lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ yóò gbà wọ́n là tàbí yóò pa wọ́n. Wọ́n ṣòfin pé láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, EEWO tàbí DANDAN, torí kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣi ìyẹn kà. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó náà ló ń bá wọn kà á sókè ní ọ̀sán, nítorí ojú rẹ̀ máa ń rí ọ̀nà méjèèjì tí ọ̀rọ̀ lè gbà, tí ojú Bàbá sì máa ń rí ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n jọ ń kà á, wọ́n jọ ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí wọ́n ti gbà pé àpọ́n ni àbúrò àwọn yóò kú sí, kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1995 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Láti ibí lọ, ẹbí yóò máa pe obìnrin náà ní Ìyá, bó ti yẹ.

Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, ní 1996, 1999 àti 2003. Àwọn ọmọ ń pe kọ̀ǹpútà náà ní Ẹ̀gbọ́n, nítorí ó ṣáájú gbogbo wọn dé ilé ayé, ó sì ń rí Bàbá jù wọ́n lọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kún fún òkú kọ̀ǹpútà tí Bàbá ń yọ ẹ̀yà ara wọn. Àlejò á jókòó sórí páálí, Ìyá á ní, "Ẹ rọra o, ojú kọ̀ǹpútà lẹ jókòó lé." Ìyá tọrọ kí wọ́n gbé wọn kúrò ní 1998, ní 2004, àti ní 2005. Ní 2006, nígbà tí àpótí iná ẹ̀rọ yàrá ẹ̀jẹ̀ jó, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Bàbá ti fa òmíràn yọ. Ìyá kò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ti bi ẹbí pé kí ló dé tí wọn kò kàn ra ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n rà á, lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2011, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan wá láti kó gbogbo orúkọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun láàrin ìdajì ọjọ́. Wọ́n parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ní kí wọ́n ṣí orúkọ mẹ́wàá fún àwọn. Ẹ̀rọ tuntun gba orúkọ, ó gba irú ẹ̀jẹ̀, ó sì gé ìlà ìkìlọ̀ dànù torí kò mọ ibi tí yóò fi sí. Wọ́n ní kí Bàbá fọwọ́ sí i, kí wọ́n jọ tún un ṣe tó bá yá. Bàbá ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà pè wọ́n ní alágídí lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi ìfàsẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bàbá kò jà, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, alágídí ni wọ́n. Ẹbí kò ní purọ́ fún yín nítorí pé òkú wà nílẹ̀.

Nínú ìgbàgbọ́, Bàbá kì í pariwo. Láti 1997 ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, tí ìwàásù bá sì gùn jù, àwọn kan fura pé kì í ṣe iná ló máa ń lọ. Ní ojoojúmọ́, wọ́n máa ń dárúkọ àwọn tí wọn kò tíì rí lára ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́rin yẹn nínú àdúrà òwúrọ̀. Àwọn ọmọ wọn mọ orúkọ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó mọ orin kankan. Ní àdúgbò, Bàbá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé fún ọdún mọ́kànlá. Ní gbogbo Àbámẹ́ta, wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ilé ìwé tó wà nítòsí ṣe, wọ́n sì ń bá àwọn àgbàlagbà yọ àwòrán ẹbí kúrò lórí àwo pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́. Aládùúgbò kan jẹ́wọ́ pé aṣọ lòun máa ń fi bo kọ̀ǹpútà òun tó ti gbó kí òun tó gbé e kọjá níwájú ilé wọn lọ sí ààtàn.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 2018, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ní 2022, ilé ìwòsàn kéde pé wọn yóò wó ilé àtijọ́ tí yàrá ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n sì fi ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2024 sí i pé ọjọ́ náà ni iná rẹ̀ yóò kú. Kọ̀ǹpútà náà kò lè kúrò lórí tábìlì. Àwo rẹ̀ ti ń hó láti ọdún mẹ́ta, Bàbá sì sọ pé tó bá tún dúró lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Kò sí èyí tó jọ ọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì orúkọ ló wà lórí rẹ̀. Bàbá àti Ìyá, tí Ìyá fúnra wọn ti di akọ̀wé yàrá ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, pinnu láti fi ọwọ́ kó wọn: Bàbá á kà á lójú ẹ̀rọ àtijọ́, Ìyá á tẹ̀ ẹ́ sínú tuntun tó mọ àmì ohùn, Ìyá á sì kà á padà sókè. Ogún orúkọ lójúmọ́, nígbà mìíràn mẹ́ta. Àwọn KO GBA ni wọ́n fi sẹ́yìn. Nínú mẹ́tàlélọ́gọ́rin ìjọ́sí, ó ku mọ́kàndínlógún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Wọ́n dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lo ayé wọn, ní ilé tuntun, níbi tí wọ́n ti lè rí fèrèsé yàrá ẹ̀jẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàrin ilé méjèèjì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, Bàbá bi wọ́n pé, "Ó ku mélòó?" Ìyá ní, "Ó ku méje." Bàbá ní, "Ó pọ̀." Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, wọ́n ti lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n.

Ẹbí mọ̀ pé ẹnu ti kun Ìyá. Àwọn kan nínú yín wá kí wọn ní ọjọ́ kẹta, ẹ kò bá wọn nílé. Àwọn kan rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ pẹ̀lú àpò lápá, ẹ sì ní opó wo ló ń rìn báyìí. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí iná kú, ẹni méje sì wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá 'kò gba' ni tàbí 'kó gba'. Ìyá àti àkọ́bí wọn obìnrin pín àdírẹ́sì ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn láàrin ara wọn. Méjì nínú àwọn méje ti kú, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n rí ọ̀kan lórí fóònù ní ìlú mìíràn, etí rẹ̀ ti di, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń pariwo ìbéèrè náà fún un: dandan ni. Wọ́n bá ọ̀kan nídìí iṣẹ́ ọdẹ géètì: èèwọ̀ ni. Obìnrin kan kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn, ó rò pé wọ́n wá tajà ni, àfìgbà tó gbọ́ Má-Pa-Á tó sì ní, "Ọkùnrin ọlọ́dà pupa yẹn ńkọ́?" Ìyá sọ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn pé wọ́n ti ṣaláìsí. Ó sunkún ju Ìyá lọ, lẹ́yìn náà ló dáhùn: èèwọ̀. Wọ́n rí ẹnì kẹfà ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún, oníná pa iná ilé àtijọ́ láti ìta. Ìyá wà nínú yàrá. Àwo náà yí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́. Gbogbo orúkọ ti wà nínú ẹ̀rọ tuntun pẹ̀lú àmì wọn, àfi ìlà ìkìlọ̀ kan ṣoṣo.

Bàbá fi ìyàwó wọn sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nínú ilé ìwòsàn náà, ọkùnrin tó jẹ́ awakọ̀, àti àbíkẹ́yìn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n obìnrin méjì, àbúrò obìnrin kan, àwọn àna, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ tí wọ́n bá jà tí wọ́n sì tún bá rẹ́.

Ẹni tó ṣẹ́kù náà rèé. Obìnrin ni, a bí i ní 1961. Onídìrí ni nígbà náà. Ọkọ̀ gbá a ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́sẹ̀ òsì, wọ́n sì fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, níwájú ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti wó báyìí. Yóò jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta lónìí, ó sì ṣeé ṣe kó máa tiro. Ẹbí kò kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín nítorí àṣírí aláìsàn ni. Ohun tí Ìyá kọ síbi ìkìlọ̀ rẹ̀ ni BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ RẸ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lè má lè sọ̀rọ̀.

Ìyá wà ní ìlà iwájú, ní apá òsì, wọ́n wọ aṣọ funfun. Tí ẹ bá mọ obìnrin náà, tàbí tí ẹ bá mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tàbí tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni, ẹ má dúró kí ètò parí. Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ bá wọn. Ẹnikẹ́ni kò ní kà á sí àìlọ́wọ̀ fún òkú.

Bàbá, ẹ sùn dáadáa. Ẹ ti ṣe tiyín, ó ku ẹnì kan, a ṣì ń wá a.